Ta Ló Gbin Gbúre sí Àbújá?

Gbúre kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́, pàápàá àwọn tó gbọ́njú bá a lẹ́yìnkùlé ìyá wọn, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwúre àwọn àgbà. Òkè òkun nilé rẹ̀, láti Mẹ́síkò dé àwọn erékùṣù Kàríbíà títí wọ gúúsù Amẹ́ríkà. Apá ibẹ̀ náà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata ti wá, ta ló sì ń pe àgbàdo lájèjì mọ́? Ní ìpínlẹ̀ Pará ní Brazil, cariru ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sè é jẹ dòní.

Ọdún 1759 ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, fún un lórúkọ nínú ìwé, ó sì kà á mọ́ pápàsán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jacquin, tí olú-ọba Francis Kìíní rán lọ sí Kàríbíà láti wá ewéko fún ọgbà ààfin Schönbrunn ní Vienna, fún un lórúkọ tirẹ̀, ó pè é ní onígun mẹ́ta. Ẹ já igi tó gbé òdòdó rẹ̀ kan, kí ẹ fi ìka yí i wò. Igun mẹ́ta ló ní lóòótọ́, kò rí roboto bí igi tó gbé ewé. Ó di ọdún 2009 kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò láti yọ ọ́ kúrò lára pápàsán, kí wọ́n fún un ní ìdílé tirẹ̀.

Ti Àbújá ló jẹ mí lógún jù. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibí. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ó di nǹkan bí oṣù kẹrin kó tó tún máa rọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tútù àti ibòòji ni gbúre fẹ́. Ewé ìgbẹ́ tí àwọn ará ibí ń já jẹ ni tafasa, tí wọ́n á bọ̀, tí wọ́n á pò mọ́ kúlíkúlí lílọ̀. Lọ́dún 1976 ni ìjọba ológun fi òfin sọ ilẹ̀ yìí di olú-ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba kó kúrò l'Ékòó wá síbí. Àwa ará gúúsù bá ìjọba kó o. A kọ́ balùwẹ̀, a gbé tánkì kalẹ̀, a la gọ́tà, a gbin igi síwájú ilé. Ẹ wá wo ibi tí gbúre wà ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya: ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà ni, àti abẹ́ tánkì tó ń jò. Lójú tèmi, àwa gan-an la gbìn ín, bí a ò tilẹ̀ mọ̀.

Kò le láti gbìn láìmọ̀. Hóró inú èso rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, dúdú tó ń dán ni, bí èso náà bá sì ti là, inú iyẹ̀pẹ̀ ni hóró ń bọ́ sí. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń di iyẹ̀pẹ̀ yẹn sínú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú òdòdó olówó ńlá. Igi rẹ̀ náà kò ṣeé pa. Málàm tó ń tún àyíká wa ṣe ń fà á tu bíi koríko lọ́jọ́ kan, ni Ìyá Bísí bá ké láti ojú fèrèsé: “Malam, bar shi! Fi í sílẹ̀! Ọbẹ̀ wa nìyẹn!” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó kó ìyókù dà sẹ́yìn ògiri. Ibẹ̀ náà ló ti ta gbòǹgbò.

Bí ó ṣe ń bá ọ̀gbẹlẹ̀ lò ló wú mi lórí jù. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ṣí ihò tíntìntín ara ewé wọn mí. Bí omi bá wọ́n gbúre, yóò ti tirẹ̀ pa lójú oòrùn, kí omi ara rẹ̀ má baà tán, yóò wá ṣí i lóru láti fa afẹ́fẹ́ sínú. Bí Ọ̀yẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á súnkì, kò ní kú.

Ní ọjà Wúsè, ẹ̀gbẹ́ ùgwú lẹ ó ti bá a, torí ọbẹ̀ edikang ikong àwọn ará Calabar kì í pé láìsí i. Irú àti ṣàwá ni àwa fi ń se tiwa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì bu omi sí i. Omi ara rẹ̀ tó ọbẹ̀ se. Ti inú gọ́tà ni kí ẹ fi sílẹ̀ o, ẹni tí kíndìnrín bá sì ń yọ lẹ́nu kó bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, nítorí ásíìdì oxalic pọ̀ nínú rẹ̀.