“Inṣọ́ránsì Ló Ń San Án, Kí Ló Kàn Mí?”

Bí ẹ bá ń bá àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa owó oògùn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: “Inṣọ́ránsì ló ń san án, kí ló kàn mí?” Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò kúkú parọ́ ohun tó rí. Ó dé fámásì, wọ́n ní kó mú dọ́là 10 wá, ó san án, ó gba oògùn rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Yálà 80 dọ́là ni iye oògùn náà tàbí 300, ojú rẹ̀ ò tó o. Àmọ́ ohun tójú ẹni ò tó ṣì lè máa gbówó lápò ẹni. Ẹjọ́ kan tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Boston lọ́dún 2005 ló tú àṣírí ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe aláìsàn kan tínú ń bí ló ṣáájú ẹjọ́ yẹn. Àpò ìlera àwọn káfíńtà ni, New England Carpenters Health Benefits Fund, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn káfíńtà tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni McKesson, ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà oògùn tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, àti First DataBank, ilé-iṣẹ́ abẹ́ Hearst tó ń tẹ àkọsílẹ̀ iye owó oògùn jáde.

Kí la wá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ iye owó ṣe? Nígbà tí fámásì bá fún yín lóògùn tán, kì í ṣe iye tó ra oògùn ló ń kọ ránṣẹ́ sí inṣọ́ránsì, inṣọ́ránsì náà ò sì ní bi í. Àdéhùn tó wà láàárín wọn dá lé nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Average Wholesale Price, ìyẹn ìpíndọ́gba iye tí alágbàtà ń ta oògùn, AWP ní kúkúrú. First DataBank àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Medi-Span ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n á mú AWP oògùn náà, wọ́n á yọ ìdá kan kúrò nínú rẹ̀, ká sọ pé 15%, wọ́n á fi owó iṣẹ́ apòògùn díẹ̀ lé e, iye tí fámásì máa gbà nìyẹn.

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ńṣe ni ẹnì kan ń lọ káàkiri, tó ń béèrè iye tí àwọn alágbàtà ń ta oògùn fún fámásì, tó wá ń ṣírò rẹ̀ pọ̀. First DataBank pàápàá sọ pé àwọn ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á wo iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn kọ sílẹ̀ fún alágbàtà, wọ́n á sì fi ìdá kan gùn ún. Àwọn oògùn kan gba 20%, àwọn míì gba 25%.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé láti ìparí ọdún 2001, McKesson àti First DataBank gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sọ 20% di 25% lórí oògùn tó lé ní 400, àwọn oògùn olórúkọ ńlá, kì í ṣe jẹnẹ́ríìkì, ìyẹn ẹ̀dà oògùn tí kò ní orúkọ ńlá lórí. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn ò fi sẹ́ǹtì kan kún owó tiẹ̀. Nọ́ńbà inú àkọsílẹ̀ nìkan ló gbéra.

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣe é. Ká ní 100 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn kan kọ lé e. AWP rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ 120. Ẹ yọ 15% kúrò, ó ku 102, òun ni inṣọ́ránsì máa san. Fámásì tó rà á ní 100 jèrè dọ́là méjì, láìka owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ di 25%, AWP di 125, ohun tí inṣọ́ránsì ń san di 106.25. Èrè orí oògùn yẹn kúrò ní dọ́là 2, ó di 6.25. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, oògùn kan náà, káńtà kan náà.

Àwọn fámásì lèrè yẹn ń lọ sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe McKesson. Kí ni McKesson wá ń wá níbẹ̀? Àwọn tó pe ẹjọ́ ní àwọn fámásì ni oníbàárà rẹ̀, àwọn ńláńlá inú wọn ló sì fẹ́ mú inú wọn dùn kí wọ́n má bàa lọ rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù: ẹni tó ń ṣoore fún oníbàárà rẹ̀, owó ẹlòmíì ló fi ń ṣe é.

Owó ta ni? Àwọn kan wà tí inṣọ́ránsì wọn kì í dá iye kan pàtó lé wọn lórí, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú iye oògùn ni wọ́n ń san. Ẹni tó ń san 20% nínú àpẹẹrẹ wa yìí á kúrò ní 20.40, á bọ́ sí 21.25. Sẹ́ǹtì 85 lórí oògùn kan lóṣù kan. Ẹ wá fi ojú wo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń lo oògùn márùn-ún, lóṣooṣù, fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí kò sì ní inṣọ́ránsì rárá, iye tí fámásì máa pè fún un lórí káńtà sábà máa ń tẹ̀ lé AWP náà ni, láìsí ẹni tó máa yọ 15% kúrò fún un.

Ó wá ku ẹni tó ń san dọ́là 10 rẹ̀ tí kì í yẹ̀. Òótọ́ ni pé kò san ju 10 lọ lórí káńtà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àpò àwọn káfíńtà yẹn ṣe ń kún. Gbogbo wákàtí tí káfíńtà bá fi ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń fi iye kan sínú àpò náà, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá a ṣe. Nígbà tí wọ́n bá sì jókòó dúnàá-dúrà owó iṣẹ́, dọ́là tó bá wọnú àpò ìlera ti kúrò lára èyí tí ì bá wọ owó oṣù nìyẹn. Àjọ tí gbogbo wọn dá ni. Bí ẹnì kan bá ń fọgbọ́n yọ dọ́là mẹ́rin-mẹ́rin nínú àjọ, ẹni tó dá a ló ń jà lólè, ì báà jẹ́ pé kò tíì kan án láti kó. Iléeṣẹ́ tó ń yọ owó inṣọ́ránsì lára owó oṣù yín náà ò yàtọ̀: bí owó oògùn bá wọ́n lọ́dún yìí, ẹ óò rí i nínú owó tí wọ́n máa yọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní November 2008, McKesson gbà láti san mílíọ̀nù 350 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí, Adájọ́ Patti Saris sì fọwọ́ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. McKesson ní àwọn ò ṣe ohun tí kò tọ́, kò sì sí ìdájọ́ kankan tó sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Bí irú àdéhùn yìí ṣe máa ń rí nìyẹn, nítorí náà ẹni tó ń pariwo pé “kóòtù ti dá wọn lẹ́bi” ti sọ kọjá òótọ́. Ẹni tó ní “èmi ò bá wọn pe ẹjọ́, kò kàn mí” náà ṣì í. Nínú ẹjọ́ àpapọ̀ irú èyí, ẹnikẹ́ni tí àpèjúwe tí kóòtù fọwọ́ sí bá bá mu ti wà níbẹ̀, àfi tó bá kọ̀wé pé kí wọ́n yọ òun. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò bá kún fọ́ọ̀mù kò ní rí owó gbà. Lọ́dún 2012, McKesson tún san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 190 dọ́là fún ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ AWP kan náà, nítorí Medicaid, ètò ìlera àwọn tí ọwọ́ wọn ò tẹ́ owó. Owó orí ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà Medicaid, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gbé oògùn mì rí náà ń san owó orí.

First DataBank àti Medi-Span ní tiwọn gbà láti dá 25% padà sí 20%. Ibẹ̀ làwọn fámásì ti figbe ta. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lẹ́jọ́, síbẹ̀ àwọn ni owó tó ń wọlé fún máa dín kù. Àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, wọn ò rí i mú, àyípadà náà sì bẹ̀rẹ̀ ní September 26, 2009. Mi ò lè bú wọn tán. Fámásì kékeré àdúgbò kọ́ ló jókòó gbìmọ̀ lọ́dún 2001. Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì àti àwọn alárinà tó ń bá wọn ṣètò owó oògùn pẹ̀lú fámásì tún àdéhùn kọ kí iye tí fámásì ń gbà má bàa yí padà púpọ̀: bí wọ́n bá ń yọ nǹkan bí 11.5% dípò 15% kúrò nínú 120, ẹ ó tún bá ara yín ní 106 dọ́là. First DataBank ò tẹ AWP jáde mọ́ láti September 2011, Medi-Span ń bá a lọ, nọ́ńbà náà sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn títí dòní.

Ìgbàgbọ́ yìí ní àbúrò kan: pé iye tí káàdì inṣọ́ránsì bá gbé jáde ni yóò kéré jù. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Southern California yẹ àkọsílẹ̀ ọdún 2013 wò. Nínú 23% oògùn tí wọ́n yẹ̀ wò, iye tí aláìsàn san lórí káńtà ju iye tí inṣọ́ránsì ń san fún fámásì lórí oògùn náà lọ, ó sì fi ohun tó ju dọ́là méjì jù ú lọ. Nígbà yẹn, àdéhùn àwọn kan ka á léèwọ̀ fún apòògùn láti sọ fún yín pé yóò rọjú bí ẹ bá fi owó yín rà á. October 2018 ni òfin méjì fòpin sí èèwọ̀ yẹn. Ẹ lè bi wọ́n ní fámásì báyìí pé, “Èló ni bí mi ò bá lo káàdì?” Bó bá dín kù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá inṣọ́ránsì yín máa ka owó náà mọ́ iye tí ẹ gbọ́dọ̀ san nínú ọdún kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í kà á.