Yíyọ malware kúrò nínú kọ̀ǹpútà tí Windows rẹ̀ ti gbó

Bí ẹ bá ti yọ fáírọ́ọ̀sì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà kan, tó sì tún padà, ẹ má tíì dá antivirus yín lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì náà gbà wọlé ni kò tíì dí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Lórí Windows tó ti gbó, lílé aláǹgbá jáde kọ́ ló ṣòro jù. Ẹni tó mọ ògiri náà ló ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Malware ni orúkọ àpapọ̀ fún ètòkétò tí wọ́n kọ láti ṣe kọ̀ǹpútà tàbí ẹni tó ni ín ní jàǹbá. Fáírọ́ọ̀sì tó ń lẹ̀ mọ́ fáìlì wà lára wọn. Èyí tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àti èyí tó ń ti fáìlì pa títí wọn yóò fi gba owó.

Kí wá ni "gbó" túmọ̀ sí? Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà ń falẹ̀. Àṣẹ tó wà nínú Windows pọ̀ débi pé àṣìṣe kò lè ṣàì sí níbẹ̀, oṣooṣù sì ni Microsoft ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí àwọn ihò tí wọ́n bá rí. Ọjọ́ kan á dé tí wọn ò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Fún Windows XP tó jáde lọ́dún 2001, ọjọ́ náà ni 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Fún Windows 7, 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni. Ti Windows 10 bọ́ sí 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ní ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà á tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í fura. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó di kí ó wà ní ṣíṣí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé nígbà tí àtúnṣe bá jáde fún Windows tuntun, àwọn oníṣẹ́ ibi á tú u wò láti mọ ihò tó ń dí, wọ́n á sì lọ wá ihò kan náà nínú èyí tó gbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dí i.

Ní 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, malware kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì pa káàkiri ayé, ó ń béèrè 300 dọ́là Amẹ́ríkà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe tó lè dá a dúró ti jáde láti 14 oṣù Kẹta ọdún náà. Windows 7 ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó kó o, wọ́n kàn ní àtúnṣe tí wọn kò gbà ni. Àwọn tó ń lo XP kò tilẹ̀ rí i gbà títí di ọjọ́ kejì ìkọlù náà, tí Microsoft fi èyí tí wọ́n ṣe fún XP sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ kíyè sí bó ṣe ń rìn: kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà orí nẹ́tíwọ̀kì kan ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn ló gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá fọ kọ̀ǹpútà kan mọ́ tónítóní, tí ẹ sì dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣì ń ṣàìsàn láìdí ihò náà, ó lè kó o padà kí ẹ tó jókòó.

Ìyẹn ló fà á tí iṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyọ okùn nẹ́tíwọ̀kì àti pípa Wi-Fi. Ẹ má tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan lórí rẹ̀ mọ́. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ àwọn tí ẹ ti lò níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ímeèlì àti ti báńkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ má bi Windows tó ń ṣàìsàn bóyá ara rẹ̀ ti yá. Irú malware kan wà tí wọ́n ń pè ní rootkit, tó máa ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ Windows gan-an. Bí antivirus bá béèrè àwọn fáìlì tó wà nílẹ̀, rootkit ló ń dáhùn, kò sì ní dárúkọ ara rẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣe fláàṣì ìwòsàn, bíi Kaspersky Rescue Disk, tàbí fláàṣì Linux (ètò tí a lè lò dípò Windows) tó ní antivirus ClamAV nínú, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà náà láti orí fláàṣì ọ̀hún. Nígbà tí Windows kò jí, malware kò lè sá, kò sì lè purọ́. Fáìlì lásán ló dà lórí díìsìkì.

Kọ̀ǹpútà mìíràn tí mo ń tẹnu mọ́ yìí ṣe pàtàkì. Bíráúsà àtijọ́ kò lè ṣí ọ̀pọ̀ ìkànnì òde òní mọ́, nítorí kò mọ ọ̀nà ìpamọ́ tuntun tí wọ́n ń lò. Chrome 109 ni Chrome tó gbẹ̀yìn lórí Windows 7. Àwọn antivirus tuntun náà kì í gbà láti wọlé. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá "antivirus ọ̀fẹ́ fún XP" kiri lórí ìkànnì tí kò mọ̀ rí, tí á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé malware kejì wọlé. Ó máa ń dùn mí, torí pé ẹni tó ń wá ìwòsàn ni wọ́n ń dọdẹ.

Bí ẹ bá ń kó iṣẹ́ yín kúrò, àwòrán àti ìwé ni kí ẹ kó. Ẹ fi ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .exe, .scr, .bat, .vbs tàbí .lnk sílẹ̀. Fláàṣì tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà náà rí, aláìsàn ni òun náà. Malware kan tí wọ́n ń pè ní Conficker, tó jáde lọ́dún 2008, gba orí fláàṣì dé ọ̀pọ̀ ibi. Bí ẹ bá sì rí i pé gbogbo fóldà orí fláàṣì ti di shortcut (àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn), ẹ má kígbe, ẹ má sì tẹ ọ̀kankan. Àwọn ojúlówó sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi wọ́n pa mọ́ ni. Bí fláàṣì bá ti mọ́, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, kí ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* (ẹ fi lẹ́tà fláàṣì yín rọ́pò E), wọ́n á sì yọjú.

Bí ó bá jẹ́ rootkit tàbí ajípáásíwọ́ọ̀dù ni, èmi kò gba fífọ̀ gbọ́. Ẹ nu díìsìkì náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àmọ́ ẹ má tún fi díìsìkì XP àtijọ́ dá ihò padà. Kódà XP tó ní Service Pack 3 (àkójọ àtúnṣe ńlá kan) kò ní àtúnṣe tó ń dí ihò Conficker, nítorí oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni àtúnṣe yẹn jáde, lẹ́yìn tí Service Pack 3 ti jáde. Bí kọ̀ǹpútà náà bá lè gbé Windows tí wọ́n ṣì ń tún ṣe, ẹ fún un. Bí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, Linux fẹ́ẹ́rẹ́ bíi antiX yóò rìn lórí rẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí kò lè kúrò lórí XP, nítorí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tàbí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ń darí kò gbọ́ àṣẹ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí irú wọn dá wà, láìsí nẹ́tíwọ̀kì, kí fláàṣì kankan má wọ̀ wọ́n láìkọ́kọ́ gba àyẹ̀wò níbòmíràn. Kí ẹ sì lẹ ìwé mọ́ wọn lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so okùn mọ́ wọn, torí ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní mọ ìdí tí ẹ fi yọ ọ́.