Àpò Òfìfo Ló Bí Ìwé Òfin Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1783, àwọn ọmọ ogun yí ilé ìjọba Pennsylvania ní Philadelphia ká tìbọn-tìbọn. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà, ìyẹn ìgbìmọ̀ aṣojú àwọn ìpínlẹ̀, wà nínú ilé náà. Kì í ṣe ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì o. Àwọn tó bá Amẹ́ríkà jagun òmìnira ni, owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n wá gbà. Owó kò sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò rán ẹnikẹ́ni láti lé wọn kúrò, ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá sá lọ sí Princeton ní New Jersey. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Amẹ́ríkà fi kọ ìwé òfin tó ń lò títí dòní, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn tó kọ́kọ́ so ìpínlẹ̀ 13 pọ̀, Articles of Confederation, fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1781. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ọ̀rọ̀ ogun tàbí owó yíyá gba ìbò ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yí gbólóhùn kan padà nínú àdéhùn náà, gbogbo ìpínlẹ̀ 13 ló gbọ́dọ̀ gbà. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò lè gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè ṣe ni pé kó ṣírò iye tó nílò, kó pín in fún àwọn ìpínlẹ̀, kó sì máa retí. Ẹni tó wù ló san, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi ẹni tí kò san ṣe. Bẹ́ẹ̀ wọ́n jẹ ìjọba Faransé ní gbèsè, wọ́n jẹ àwọn olówó Amsterdam, wọ́n sì jẹ àwọn ọmọ ogun wọn.

Owó ibodè ni wọ́n kọ́kọ́ rò: kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó bá gba èbúté wọlé, bí oníbodè ṣe ń gba tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìlú láyé àtijọ́. Wọ́n gbé àbá náà jáde ní 1781. Rhode Island, tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1782, àbá náà sì kú. Wọ́n gbé òmíràn wá ní 1783, wọ́n ní ọdún 25 péré ni àwọn máa fi gbà á. New York ló bá tìyẹn jẹ́ ní 1786. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọjà tó ń lọ sí New Jersey àti Connecticut ń gba èbúté New York, àpò New York sì ni owó rẹ̀ ń wọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, New Jersey ní òun kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bù fún òun títí gbogbo ìpínlẹ̀ yóò fi gbà sí owó ibodè àpapọ̀.

Lọ́dún kan náà, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Massachusetts tí gbèsè àti owó orí ti mù dọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé ẹjọ́ pa, kí wọ́n má baà gba oko lọ́wọ́ wọn. Daniel Shays, tó ti jagun òmìnira, wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní 1787 wọ́n gbìyànjú láti gba ilé ìkóhun-ìjà-sí ní Springfield. Mẹ́rin nínú wọn kú. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò lówó tó lè fi kó ọmọ ogun jọ. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó tí wọ́n fi gbé ọmọ ogun dìde.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1786, àwọn aṣojú 12 láti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti pàdé ní Annapolis nítorí ọ̀rọ̀ òwò. Wọn kò pé tó láti ṣe ohun kan, ni wọ́n bá ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ pàdé ní Philadelphia ní oṣù Karùn-ún 1787 láti tún ètò ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ọjọ́ 25 ni wọ́n tó pé tó láti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ọmọ ogun yí ká lọ́jọ́sí. Aṣojú 55 ló yọjú jálẹ̀ ìpàdé náà. Rhode Island kò rán ẹyọ ẹnì kan.

Ìjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká ni ti iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ní nínú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tuntun. Virginia fẹ́ kí wọ́n fi iye èèyàn pín in. Àwọn aṣojú Delaware ní àṣẹ láti ilé pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbò kan fún ìpínlẹ̀ kan bọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ìpínlẹ̀ márùn-ún sí mẹ́rin ni wọ́n fi parí rẹ̀, Massachusetts sì pín sí méjì lọ́gbọọgba: ilé aṣojú-ṣòfin á tẹ̀lé iye èèyàn, ilé àgbà, ìyẹn Sẹ́nétì, á jẹ́ dọ́gba-ǹ-dọ́gba. Owó tún wọ àdéhùn yẹn. Ilé aṣojú-ṣòfin nìkan ni àbá owó orí á ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979 mú ọ̀nà ilé méjì yìí lọ́dọ̀ wọn. Títí dòní, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni Èkó ní, mẹ́ta náà ni Bayelsa ní.

Ìṣirò ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lórí ẹrú ni kò ṣeé gbójú fò. Ọ̀rọ̀ owó orí ló ti wá. Ní 1783, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fẹ́ máa fi iye èèyàn pín owó fún àwọn ìpínlẹ̀ dípò iye owó tí ilẹ̀ wọn tó. Ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ kí wọ́n ka ẹrú sí ìwọ̀nba, torí bí èèyàn bá pọ̀, owó á pọ̀. Àwọn ará àríwá fẹ́ kí wọ́n kà wọ́n dáadáa. Wọ́n pàdé sórí pé kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún bí èèyàn mẹ́ta. Àtúnṣe yẹn kò kẹ́sẹ járí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti iye aṣojú ní 1787, ohùn yí padà: gúúsù ní kí wọ́n ka ẹrú pé, àríwá ní kí wọ́n má kà wọ́n rárá. Ìṣirò 1783 náà ni wọ́n fà yọ. Ẹrú tí wọ́n kà kò lè dìbò. Olówó rẹ̀ ni agbára náà bọ́ sí lọ́wọ́. Wọ́n tún ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú kí ó tó di 1808, àmọ́ ó lè gba tó dọ́là 10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kó dé. Nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" síbì kankan.

Ohun tí wọ́n wá ṣe nípa owó kò gùn lórí ìwé. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè gba owó orí àti owó ibodè, iye kan náà ní gbogbo èbúté. Ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gba owó ibodè láìjẹ́ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yọ̀ǹda, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ owó tirẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni aṣojú 39 fọwọ́ sí ìwé òfin náà.

Bí wọ́n bá tẹ̀lé àdéhùn àtijọ́, Rhode Island nìkan ì bá tún pa á. Nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bí ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án bá ti gbà, ó ti di òfin láàárín àwọn tó gbà, àti pé àpérò tí aráàlú yan aṣojú sí ni yóò pinnu, kì í ṣe ilé aṣòfin. Massachusetts ni wọ́n ti rí irú rẹ̀. Ní 1776, àwọn ará ìlú Concord ti ní ilé aṣòfin kò yẹ kó kọ ìwé òfin, torí ohun tó bá kọ, ó lè yí i padà. Nígbà tí ilé aṣòfin ibẹ̀ kọ ọ́ tán ní 1778, aráàlú kọ̀ ọ́. Èyí tí àpérò ọ̀tọ̀ kọ ni wọ́n gbà ní 1780. New Hampshire ni ìpínlẹ̀ kẹsàn-án, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1788. Ó ku Virginia àti New York, tí ìjọba náà kò lè dúró láìsí wọn. Virginia gbà á pẹ̀lú ìbò 89 sí 79, New York 30 sí 27.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin 1789, kí George Washington tó búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́, James Madison, aṣojú láti Virginia, ti gbé ọ̀rọ̀ owó ibodè síwájú ilé aṣojú-ṣòfin. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni ó di òfin. Rhode Island ṣì wà níta. Ní oṣù Karùn-ún 1790, ilé àgbà fọwọ́ sí àbá láti ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ ọn, kí ọkọ̀ rẹ̀ má lè gbé ọjà wọ Amẹ́ríkà mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ pa owó ibodè dìbò 34 sí 32, ó sì wọlé.