Bí wọ́n ṣe wá ẹ̀rọ̀ fún prógíràmù tó ń wú

Lọ́dún 1992, John Koza gbé ìwé ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí genetic programming. Èèyàn ò ní kọ prógíràmù fúnra rẹ̀ mọ́: kọ̀ǹpútà ni yóò bí wọn lọ́pọ̀ yanturu, yóò yan àwọn tó ṣe dáadáa, yóò gé ẹ̀ka lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, láti ìran dé ìran.

Koza ti rí i pé àwọn ọmọ yìí máa ń wú: wọ́n ń gùn sí i láìṣe dáadáa sí i. Odi ló mọ sí wọn: bí igi tó ń yà sí ẹ̀ka ni wọ́n ṣe ń to prógíràmù, igi kankan kò sì gbọdọ̀ jìn ju ipele 17 lọ. Odi ọ̀hún fẹ̀ ju bó ṣe ń dún létí lọ o, nítorí igi tó ń yà sí méjì méjì lè ní oríta àti ewé tó lé ní 100,000 kó tó kàn án.

Kí ló ń wú gan-an? Ẹ wo x + 0 × (y + 3). Ohun yòówù kó wà nínú àkámọ́ yẹn, x náà ni èsì. Bí ọ̀bẹ tó ń gé ẹ̀ka bá bọ́ síbẹ̀, ọmọ kò ní burú ju òbí lọ. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ààbò yìí ló fà á. Ní 1997, William Langdon àti Riccardo Poli ní ọ̀rọ̀ ju ọ̀bẹ lọ: ọ̀nà gígùn láti kọ èsì kan pọ̀ ju kúkúrú lọ fíìfíì, nítorí náà yíyan ẹni tó ṣe dáadáa fúnra rẹ̀ ti tó láti mú wọn sanra.

Àwọn kan ń yọ máàkì fún gígùn, ṣùgbọ́n iye tó yẹ ní yíyọ ló ń dààmú wọn. Ní 2003, Poli dé pẹ̀lú ọgbọ́n Tarpeian, tó fi àpáta Róòmù tí wọ́n ti ń ju ọ̀dàlẹ̀ sílẹ̀ sọ lórúkọ. Nínú àwọn tó gùn ju ìwọ̀n àárín lọ, ó ń ṣa díẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó fún wọn ní máàkì tó burú jù, kò tiẹ̀ dán wọn wò. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: ìyà náà ń dín iṣẹ́ kù.

Poli yìí kan náà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Essex, gbé iṣẹ́ jáde ní 2011 lórí máòsì tí ọpọlọ ń darí, tí genetic programming ṣe prógíràmù rẹ̀. Àmì P300 ni irú máòsì bẹ́ẹ̀ ń wá, èyí tó ń yọ lórí awọ orí ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ohun téèyàn ń retí bá tàn. Àmì náà kéré, ariwo pọ̀ yí i ká. Prógíràmù tó bá ti sanra jù lè há ariwo ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sórí. Lọ́jọ́ kejì, kò ní mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.