Ìdí tí ìyìn kì í fi í wọ àwọn kan létí

Ká ní télọ̀ kan wà ní agbègbè Sábó, ní Ìkòròdú, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Oníbàárà wọ aṣọ wò, ó ní ó wu òun. Ohun tí télọ̀ yìí ń rò ni pé, "Àánú mi ló ń ṣe é." Oníbàárà mìíràn dé, kò sọ nǹkan kan, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Télọ̀ ní, "Ẹ ò rí i, kò fẹ́ràn rẹ̀." Bí ẹ yìn ín, kò gbà, bí ẹ dákẹ́, ó gbà pé ẹ̀gàn ni.

Bí ọkàn ẹni tó ní avoidant personality disorder ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìyẹn àìsàn ọkàn tó ń mú kéèyàn máa sá fún àwọn ẹlòmíràn nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á kọ òun. DSM, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, gba orúkọ yìí wọlé ní 1980. Ó ju ìtìjú lọ, nítorí onítìjú á túra ká tó bá yá.

Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ, ṣàlàyé pé èrò ìpìlẹ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀: "Àbùkù wà lára mi, kò sẹ́ni tó lè fẹ́ràn mi." Àjogúnbá lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ mọ́ ilé tí wọ́n ti ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí wọ́n ti pa á tì. Ọmọ ò lè mọ̀ pé ìṣòro ara wọn ló ń da àwọn òbí láàmú. Ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Èrò yẹn á wá bí òfin: "Bí wọ́n bá mọ̀ mí dénú, wọ́n á kọ̀ mí." Ló bá ń sá.

Sísá yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí èrò náà kú. Wọ́n gbé aṣọ ẹbí ogójì èèyàn wá, télọ̀ ní ẹ̀rọ òun bàjẹ́. Lójú ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ balẹ̀. Ìbàlẹ̀ àyà yẹn dùn, nítorí náà yóò tún sá lọ́jọ́ mìíràn, kò sì ní mọ̀ láé bóyá iṣẹ́ náà ìbá dára. Kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ télọ̀, wọ́n ní agbéraga ni. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn mi." Bẹ́ẹ̀, ó ń wù ú láti wà láàárín wọn! Ibi tó ti yàtọ̀ sí ẹni tí dídá wà tẹ́ lọ́rùn nìyẹn. Kódà ó ń sá fún ìbànújẹ́ tirẹ̀: bó bá ti fẹ́ gbé e, á tan tẹlifíṣọ̀n.

Ìdí nìyí tí "má da ara ẹ láàmú, o dáa" kì í fi í ṣiṣẹ́. Ìyìn náà ni, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà jáde. Nínú ìtọ́jú tí Beck dá sílẹ̀, aláìsàn á kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: "Bí mo bá béèrè bóyá ọrùn aṣọ bá a mu, á bínú." Á béèrè, á sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó, nítorí èrò náà á ní onísùúrù lásán ni oníbàárà yẹn. Dókítà pàápàá kò yọ sílẹ̀: àwọn kan ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ kí dókítà má bàa kọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí dókítà tètè bi aláìsàn: "Kí lẹ rò pé mò ń rò nípa yín báyìí?"