Alárenà Orí Fóònù: Bí Facebook àti Instagram Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Máa Rí Ìpolówó Ọjà

Bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ìwé ìtajà lórí Facebook, bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ọjà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà WhatsApp sí i, ọmọ ilé ìwé girama tó wà nínú ilé lè ṣe gbogbo rẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ onísòwò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ Boost, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sanwó kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè rí ọjà náà, tí owó ti kúrò nínú káàdì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, ibẹ̀ náà ni owó sì ti ń ṣòfò.

Èrò tó gbilẹ̀ ni pé ẹni tó bá náwó jù ni ilé iṣẹ́ Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, máa gbé ọjà rẹ̀ sójú ayé. Èrò yìí ló ń mú kí ẹni tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta sọ pé òun ò lè bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Èkó du ojú oníbàárà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí Facebook tàbí Instagram, tí àyè ìpolówó kan sì fẹ́ yọ sí i, gbàǹjo kékeré kan máa ń wáyé lábẹ́lẹ̀, á sì ti parí kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ á kó gbogbo olùpolówó tó sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń wá jọ, bóyá nítorí ìlú tó ń gbé, ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ohun tó fẹ́ràn, á wá yan ẹyọ ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan mẹ́ta ló ń wò. Àkọ́kọ́ ni iye tí olùpolówó fẹ́ san bí ẹni náà bá ṣe ohun tó fẹ́ kó ṣe. Ìkejì ni bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹni yìí gan-an máa ṣe é. Wọ́n á fi àwọn méjèèjì lọ́po ara wọn, wọ́n á wá ro ìkẹta mọ́ ọn: bí ìpolówó náà ṣe rí lójú àwọn tó ti kọ́kọ́ rí i. Ṣé wọ́n ń tẹ bọ́tìnì tó ń gbé e kúrò níwájú wọn? Ṣé wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ṣé ó ń ṣèlérí ohun tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀?

Ká ní obìnrin kan n'Ìbàdàn ṣí Instagram lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé iṣẹ́ bàtà kan l'Ékòó fẹ́ san ₦500 fún ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ wo ìṣe obìnrin yìí, ó rò pé nínú ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, ẹnì kan péré ló máa ránṣẹ́ sí oníbàtà. ₦500 yẹn di ₦5 nìyẹn. Aládìrẹ Ìtòkú ò lè san ju ₦200 lọ, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti ń dúró wo fídíò àdìrẹ láti ọjọ́ mélòó kan, ó tilẹ̀ ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ rò pé nínú ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, márùn-ún máa ránṣẹ́ sí aládìrẹ. ₦200 yẹn di ₦10. Aládìrẹ ló gba àyè náà, owó oníbàtà sì ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. (Ọ̀pọ̀ onísòwò kì í fúnra wọn pe iye yìí, iye tí wọ́n fẹ́ ná lóòjọ́ ni wọ́n máa ń sọ, ẹ̀rọ á wá máa pè é fún wọn.)

Iye tí aládìrẹ máa san gan-an ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò ní san ₦10. Ohun tí wíwá rẹ̀ gbà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló máa san, ìyẹn nǹkan bíi ₦5 tí oníbàtà ì bá mú wá. William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní Kánádà, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Columbia, ló là á kalẹ̀ lọ́dún 1961: bí ẹni tó borí nínú gbàǹjo bá ń san iye tí ẹni tó tẹ̀ lé e pè, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti fi iye tí nǹkan tó lójú òun pa mọ́. Edward Clarke fẹ̀ ẹ́ lójú lọ́dún 1971, Theodore Groves náà sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1973. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń pe irú gbàǹjo tí Facebook mú lò. Ọdún 1996 ni wọ́n kéde Nobel fún Vickrey, ó sì kú lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìkéde náà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ máa di ohun tí aláṣọ Ìtòkú ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe, iṣẹ́ alárenà ni. Ìdílé ọkọ ló ń rán alárenà níṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìdílé ọmọbìnrin ló gbọ́dọ̀ tọ́jú. Bó bá ti mú ọ̀lẹ tàbí ọ̀mùtí wá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún un mọ́, ìyókù ayé rẹ̀ kò sì ní í rí ẹni bá ṣe alárenà ládùúgbò yẹn. Ìdí nìyẹn tí àpò owó nìkan kì í fi í tó o. Meta náà mọ̀ pé bí ìpolówó rádaràda bá kún ojú fóònù, àwọn èèyàn á ti áàpù pa, kò sì ní sí ojú tí wọ́n máa tà mọ́. Owó tó ń wọlé fún wọn ló ń fipá mú wọn dáàbò bo ojú ẹni tí kò san nǹkan kan. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, ó sì yẹ kéèyàn gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun tí onísòwò kékeré lè gbé sókè láìfi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀ ni ìkejì nínú nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń wò yẹn, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹni náà máa ṣe é. Fídíò tí wọ́n ti ń tú ìko kúrò lára àdìrẹ oníko, tí funfun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín aró, máa ń dá ẹni tó nífẹ̀ẹ́ aṣọ dúró. Pátákó tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ẹ̀dínwó sí kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Fún fídíò tí wọn ò sanwó lé lórí pàápàá, Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 2025 pé ohun mẹ́ta tó wúwo jù ni bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀, láìkì, àti bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Fífi ránṣẹ́ yìí ló sì ń gbé fídíò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù náà rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bí èèyàn nínú ni ibi tí onísòwò ti máa sọ pé ẹ̀rọ lu òun ní jìbìtì: "Láìkì ẹgbẹ̀rin, ẹnì kan ò ra nǹkan." Wọ́n á ní àwọn aláìníṣẹ́ ni Facebook kó wá bá àwọn. Ká tó ṣe ìpolówó lórí Ads Manager, ibi tí Meta ṣètò fún títo ìpolówó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n máa ń béèrè ohun tí a ń wá, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n sì pín in sí: kí orúkọ di mímọ̀, kí èèyàn lọ sí ìkànnì, kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà sílẹ̀, kí wọ́n gbé áàpù sórí fóònù, tàbí kí wọ́n ra ọjà. Bọ́tìnì Boost náà ń béèrè irú ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láìkà á. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán alárenà níṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láìkì ni wọ́n ń fi ọjọ́ ṣe, wọn kì í béèrè owó ọjà láé. Àwọn kan ń béèrè, wọn kì í rà. Àwọn kan kì í tẹ láìkì rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ń sanwó. Ẹ̀rọ ti mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú ìṣe wọn àtẹ̀yìnwá. Bí wọ́n bá sọ fún un pé láìkì ni, àwọn tó ń tẹ láìkì ló máa lọ kó wá, nítorí pé wọ́n pọ̀, iye tó ń náni láti rí wọn sì kéré. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ó tún nílò àyè láti kẹ́kọ̀ọ́. Ìtọ́sọ́nà Meta fúnra rẹ̀ ni pé ìpolówó kan nílò nǹkan bí 50 àbájáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀rọ tó mọ irú ẹni tó ń wá dáadáa. Onísòwò á tan ìpolówó lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, á yí fọ́tò padà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á dín owó kù ní Ọjọ́rú, á pa á ní Ọjọ́bọ̀. Àyípadà ńlá kọ̀ọ̀kan ń dá ẹ̀kọ́ padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìpolówó kan ṣoṣo tó dúró sójú kan ló dára fún un ju márùn-ún tó ń pín owó kékeré kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Àléébù kan wà tó kan ilẹ̀ wa gan-an, àwọn tó ń kọ́ni ní ìpolówó lórí YouTube kì í sì í sọ ọ́, torí ìkànnì ìtajà tó ń gba káàdì ni wọ́n ń rò. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ń rí ẹni tó wò, ẹni tó kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó sanwó, á sì kọ́ láti wá irú ẹni tó sanwó. Lọ́dọ̀ tiwa, inú WhatsApp ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà, báńkì ni owó ń gbà kọjá, ọlọ́kadà tàbí ọkọ̀ èrò ló ń gbé ọjà lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ rí. Kò rí ìyókù. Alárenà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún pé ìgbéyàwó wáyé tàbí kò wáyé ni. Nítorí náà, àwọn tó máa ń kọ "Ẹ̀ló ni?" tí wọ́n á sì dákẹ́ ló ń mọ̀ ọ́n wá, torí àwọn náà ránṣẹ́ bí ẹni tó ra ọ̀pá mẹ́wàá ṣe ránṣẹ́.

Àṣà "ẹ wá gba iye owó rẹ̀ ní DM" ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ẹni tí kò ní iye yẹn lápò ò lè mọ̀ àfi tó bá béèrè, gbogbo ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ sì ń kà sí àṣeyọrí. Bí wọ́n bá kọ iye owó sára fọ́tò, ọ̀rọ̀ tó ń wọlé á dín kù, ìyẹn gan-an sì ni èrè rẹ̀: àwọn tó kù jẹ́ ẹni tó lè rà, àwọn yẹn ni ẹ̀rọ á sì máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, tilẹ̀ ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà kọ iye rẹ̀ síbi tí oníbàárà á ti rí i.

Ọ̀nà wà láti jẹ́ kí alárenà gbọ́ ìròyìn ìgbéyàwó. Wọ́n lè kó nọ́ńbà fóònù àwọn tó ti sanwó rí fún Meta, kó fi wá àwọn tó jọ wọ́n. Ó kéré tán, èèyàn 100 láti orílẹ̀-èdè kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà oníbàárà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri láìgbàṣẹ o, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lò ó. Ọgọ́rùn-ún ẹni tó sanwó yìí níye lórí ju ẹgbàárùn-ún fọ́lówà tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọn ò mọ àdìrẹ yàtọ̀ sí àǹkárá.

Àwọn àgbà ní bójú bá mọ́jú tán, alárenà á yẹ̀ba. Eléyìí kì í yẹ̀ba, ibẹ̀ sì ni ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó ra aṣọ nígbà Iléyá, tó sì ń fọ́lóò ṣọ́ọ̀bù náà, ó ṣeé ṣe kó má rí aṣọ tuntun tó dé lósù tó tẹ̀ lé e àfi bí wọ́n bá tún sanwó. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, Facebook kéde pé ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun á máa gbé síwájú, ti ojú ìwé ìtajà á sì dín kù. Sísan owó láti rí ẹni tí a kò mọ̀ tọ́. Sísan owó léraléra láti kí oníbàárà ẹni kò tọ́.

Ọ̀nà àbáyọ tó wà lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n gba nọ́ńbà, kí wọ́n sì fún oníbàárà ní tiwọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ àgbàkan tí WhatsApp ń pè ní broadcast lè dé ọ̀dọ̀ èèyàn 256 lórí àkọsílẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà ọlọ́jà pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló máa gbà á. Ọ̀pọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ láìmọ̀. Status náà rí bẹ́ẹ̀: àfi kí ọlọ́jà àti oníbàárà jọ fi nọ́ńbà ara wọn pamọ́. Ìgbà tí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ oníbàárà, tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, ló yẹ kí wọ́n sọ pé: "Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà yìí pamọ́, kí ẹ lè máa kọ́kọ́ rí aṣọ tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ." Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé pẹ̀lú ohun tó rà, nítorí pé Meta ló ni WhatsApp náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé, ẹni tí nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ wà nínú ìwé ló rí wọn pè. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá ti ń gùn sí i, ọ̀rọ̀ aṣọ tuntun á máa dé ọ̀dọ̀ wọn láìná ju owó dátà lọ, gbogbo owó tó wà fún Boost á sì lè lọ wá àwọn tí kò tíì gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà rí.