Àgbàdo ni, kì í ṣe obì: bí iṣẹ́ olùkọ́ tí kò ní tenure ṣe ń lọ ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Níbi ìnáwó l'Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá ń ka oyè àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, "Assistant Professor" ti máa ń di "Ọ̀jọ̀gbọ́n" kó tó dé ẹnu alága ìdúró. Ìyẹn ò burú jù. Èyí tó ń bí ni nínú ni ìròyìn kejì, tí wọ́n máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta: "Wọ́n mà ti lé e níṣẹ́ o." Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ló parí, wọn ò sì tún un kọ. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ lásán.

Ohun tó fa àṣìṣe yìí kò jìnnà. Olùkọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ l'Abẹ́òkúta, tó ń lọ sí ojú ọ̀nà Alábàtà láràárọ̀ mọ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo: Graduate Assistant, Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìpele méje ni, owó oṣù wọn lórí CONUASS, àtẹ owó oṣù àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 7. Tí wọ́n bá ti kọnfáàmù rẹ̀, ó lè fọkàn balẹ̀ títí di ẹni ọdún 65, tàbí 70 bó bá dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2012 ṣe là á sílẹ̀. Lóòótọ́, àwọn tó wá lórí sabbatical, ìyẹn àwọn tó gba àyè láti yunifásítì tiwọn fún ìgbà díẹ̀, àtàwọn tó wà lórí kọ́ńtíráàtì wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wá fẹ́ pẹ́ ló ni àtẹ̀gùn náà.

Ní Amẹ́ríkà, àtẹ̀gùn pọ̀, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti tenure, iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí: Assistant Professor, Associate Professor, Professor. Ìwé ìlànà tí AAUP, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wọn, gbé jáde ní 1940 sọ pé ìgbà ìdánwò kò gbọdọ̀ ju ọdún méje lọ. Ẹni tó bá yege, wọn ò lè yọ ọ́ láìní ìdí tó dúró dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn àtẹ̀gùn yòókù ni kò sí tenure lórí wọn. Lecturer wà, ó ń gòkè di Senior Lecturer. Teaching Assistant Professor wà, ó lè di Teaching Professor. Clinical Professor wà fún àwọn tó ń kọ́ni nídìí ìwòsàn, ìtọ́jú aláìsàn tàbí iṣẹ́ òfin. Owó ìwádìí tí Research Professor fúnra rẹ̀ wá ló ń san owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ tí owó yẹn bá tán, iṣẹ́ tán. Professor of Practice jẹ́ ti ẹni tó ti fi iṣẹ́ lórúkọ níta kó tó wọ kíláàsì. Visiting wá fún ọdún kan tàbí méjì. Adjunct ń gba owó lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó bá kọ́, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò bá sì pọ̀ tó, wọ́n lè fagi lé kíláàsì náà nígbà tí sáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwọ̀nba ènìyàn ló wà níbẹ̀. Nínú ìṣirò AAUP, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùkọ́ ni kò sí lójú ọ̀nà tenure ní 1987. Nígbà tó fi di 2021, ó ti di ìdá 68.

Oko ìṣákọ́lẹ̀ ló bá ètò yìí mu jù lọ. Àlejò tó bá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì lè gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Ohun tí wọn kì í sábà gbà fún un ni igi. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin kòkó, nítorí igi ń pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó bá sì gbìn ín yóò pẹ́ títí kó tó gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Tenure ni àṣẹ láti gbin obì. Irú ẹ̀gẹ́ tuntun kan, tí wọ́n bá ń ti ìran dé ìran yan èyí tó dára jù, lè gbà tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ta ló máa fi ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀? Torí náà, ohun tó ń tètè so ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Lecturer: kíláàsì. Ó lè kọ́ kọ́ọ̀sì mẹ́rin ní sáà kan, nígbà tí ẹni tenure tó wà ní yàrá kejì ń kọ́ méjì, tó sì ń fi àkókò tó kù ṣe ìwádìí.

Ẹ wo ìwé iṣẹ́ náà gan-an. Ojú ewé kan tàbí méjì ni. Oyè wà lókè. FTE, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́, tẹ̀lé e: 1.0 ni iṣẹ́ kíkún, 0.5 ni ìdajì, nọ́ńbà kékeré yìí ló sì máa ń sọ bóyá ènìyàn máa rí inṣọ́ránsì ìlera gbà fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, nínú oṣù Kẹjọ, àti ọjọ́ ìparí, nínú oṣù Karùn-ún. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń sanwó fún, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò sí nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni gbólóhùn tí ojú sábà máa ń fò wà: iṣẹ́ yìí parí ní ọjọ́ tí a kọ sókè, kò sì sí ìlérí pé a óò tún un kọ.

Gbólóhùn yẹn ló gbé gbogbo ètò yìí dúró. Kí yunifásítì tó lé ènìyàn ní àárín ìwé iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn, kó jẹ́ kí onítọ̀hún rojọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìparí bá pé, ọ̀pọ̀ yunifásítì ò ní láti sọ ìdí kankan. Owó lè ti dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè má pọ̀ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé olórí ẹ̀ka kàn fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́tà tó bá wá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì dákẹ́.

Onílẹ̀ tó mọ ẹ̀tọ́ kì í gba ilẹ̀ nígbà tí àgbàdo ti yọmọ. Ohun tí ìlànà ìfitónilétí ń ṣe nìyẹn. Ní 1964, AAUP dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n sọ fún ẹni tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ kó tó di 1 oṣù Kẹta, kí wọ́n sọ fún ẹni ọdún kejì kó tó di 15 oṣù Kejìlá, ẹni tó bá sì ti lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbọ́ ní oṣù 12 ó kéré tán kí ìwé rẹ̀ tó parí. Àwọn yunifásítì kan gbà á bó ṣe rí, àwọn mìíràn gé e kúrú. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó ronú kan ọjọ́ wọ̀nyẹn, torí pé ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀rùn ni ọjà iṣẹ́ olùkọ́ wọn ní. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń polówó ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní oṣù Karùn-ún ti pẹ́ sójà.

Apá kan wà nínú ètò yìí tó dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ lọ. Lójú ọ̀nà tenure, ẹni tí kò bá yege ní láti kó ẹrù rẹ̀: ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún un láti fi palẹ̀ mọ́. Lecturer kò ní irú aago bẹ́ẹ̀ lórí. Ó lè má béèrè ìgbéga rárá, kí wọ́n ṣáà máa tún ìwé rẹ̀ kọ fún ogún ọdún. Ní àwọn yunifásítì kan, bó bá gòkè, ìwé ọdún kan di ti mẹ́ta, tàbí márùn-ún. Èyí tó gbọ́n jù ni ìwé tí wọ́n ń fi ọdún kan kún ní ọdọọdún: bí ọdún kan bá ti jáde nínú mẹ́ta, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì sígbà tí olùkọ́ ò ní tó ọdún méjì níwájú. Gbogbo yunifásítì ló yẹ kó máa lo irú èyí.

Àbùkù rẹ̀ náà wúwo. Èsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa olùkọ́ ní ìparí sáà máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó tún ìwé kọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ń parí lọ́dọọdún mọ èyí nígbà tó bá ń máàkì, ó sì mọ̀ ọ́n nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka. A ò lè ní kí ènìyàn máa sọ òótọ́ inú rẹ̀ ká sì di ọwọ́ mú ilẹ̀ tó ń ro.

Fún ọmọ Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ físà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí H-1B, físà iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí iṣẹ́ bá parí, ọjọ́ 60 ni ó pọ̀ jù tó ní láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn, láti yí ipò rẹ̀ padà tàbí láti kúrò nílùú. EB-1B, ọ̀nà sí green card (ìwé ìgbé títí lọ ní Amẹ́ríkà) tí yunifásítì máa ń gbà fún àwọn olùkọ́ tó ta yọ, ń béèrè iṣẹ́ ìkọ́ni tó ní tenure tàbí tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, tàbí iṣẹ́ ìwádìí tí kò ní ọjọ́ ìparí. Lecturer tó ní ìwé ọdún mẹ́ta kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó. NIW (National Interest Waiver) wà, ọ̀nà mìíràn sí green card, tí ènìyàn lè fúnra rẹ̀ béèrè láìdúró de yunifásítì, ọ̀pọ̀ sì ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ láti ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n débẹ̀.